Búrẹ́dì Ara Ògiri

Ní àdúgbò Tutzor ní Samarkand, ilé kan ṣoṣo ló kù tí yunifásítì kò tíì rí gbà. Ìyá Sanjar ló ni ín, òun àti Gulsara, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ni wọ́n sì jọ ń gbé ibẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti buwọ́ lùwé, wọ́n ti gba fúláàtì lẹ́bàá odò, wọ́n ti kó lọ. Páànù yí ilé náà ká níwájú àti lẹ́yìn. Kí Gulsara tó lè lọ sọ́jà, ó ní láti gba géètì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kó fi káàdì han ẹ̀ṣọ́, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, wọ́n á ti géètì pa. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti fún un láyè nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lọ́hùn-ún lẹ́bàá odò, àmọ́ kò lè lọ. Ilé ọkọ ti di ẹ̀wọ̀n, ó sì ti sú u.

Búrẹ́dì kan tó wà lára ògiri pálọ̀ ló fà á. Lọ́jọ́ tí Sanjar ń lọ ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Rọ́ṣíà, ìyá rẹ̀ gbé búrẹ́dì rìbìtì síwájú rẹ̀, ó bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fi èyí tó kù kọ́ sára ògiri, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ tó bá ń rìnrìn àjò. Ẹni tó bù ú jẹ ni yóò padà wá jẹ ẹ́ tán. Àwòrán Sanjar wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, àlàfo eyín iwájú tó kán níbi tó ti ń fi í fọ́ kóró èso nígbà èwe hàn kedere.

Gulsara ló ń tọ́jú búrẹ́dì náà. Òun ló ń gbọn eruku katakata tó ń wó ilé àdúgbò kúrò lára rẹ̀, kì í jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ̀ nawọ́ sí i. Dókítà ti kìlọ̀ pé ọkàn ìyá náà kò lágbára, wọn kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ burúkú fún un lójijì. Nígbà tí Ergash, tó bá Sanjar lọ sí Rọ́ṣíà, padà wálé, ẹnu ọ̀nà ni Gulsara ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní Ìyá ń sùn. Ọdún yẹn náà ni èkúté yọ wọ́n lẹ́nu nínú ilé, tí Gulsara fi lọ wá ológbò.

Lọ́jọ́bọ̀, Ilhom, òṣìṣẹ́ yunifásítì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀, tún dé. Ó ti wá títí, ó ti mọ ibi tí wọ́n ń kó ṣúgà sí.

"Ìyá, ẹ kú ilé o."

"Ilé wo? Ṣé ẹ ti ṣẹ́ ilé kù fún wa ni? Jókòó, mu tíì. Ojú rẹ gbẹ bíi ti ẹni tí ìyàwó lé síta."

Ilhom rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó sì fi ìwé kan sórí tábìlì. "Ìyá, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ síbí. Ọ̀la ni wọ́n máa gé omi yín, fúláàtì kan ṣoṣo ló sì kù. Tí ẹ ò bá buwọ́ lùwé lọ́la, ẹlòmíì ló máa gbà á. Kí lẹ ń dúró dè gan-an?"

Ìyá Sanjar kò wò ó. Gulsara ló ń wò. "Búrẹ́dì yẹn ò ní kúrò lára ògiri. Àbí, Gulsara?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ẹ gbé e dání nígbà náà!"

"Tí ọmọ bá dé ńkọ́? Ṣé àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò ti máa wá wa?"

Ilhom dìde, ó sún mọ́ ògiri. "Ó mà bù ú dáadáa o. Eyín ẹ̀ pé pérépéré."

"Gulsara," ni ìyá náà wí, "fún un ní tíì sí i."

Nígbà tí Gulsara sin ín dé géètì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Tó bá jẹ́ tèmi ni, àná ni ǹ bá ti lọ."

"Bá a sọ̀rọ̀ nígbà náà."

"Kí n sọ kí ni? Ṣé ẹ fẹ́ kí n pa á ni?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Gulsara ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ̀kán kan kò já bọ́. Ó fi èyí tó kù nínú kẹ́tù po tíì. Katakata ti ń dún lẹ́yìn ilé. Bó ṣe gbé tíì wọ pálọ̀, ó rí i pé ìyá ọkọ rẹ̀ ti gun àpótí, ó sì ti já búrẹ́dì bọ́ lára ògiri. Ìwé Ilhom wà lórí tábìlì, ìyá náà ti buwọ́ lù ú.

"Ìyá, ẹ dá a padà! Ó lè dé lónìí."

Ìyá Sanjar sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí. Ó run búrẹ́dì náà tó ti le bí òkúta, ó rì í sínú abọ́ tíì gbígbóná, ó sì rọra ti abọ́ náà síwájú Gulsara.

"Jẹ ẹ́ tán, ọmọ mi, èkúté ti jẹ ti Sanjar, ìwọ lo bu èyí," ló wí, "mi ò sùn lọ́jọ́ tí Ergash wá sọ fún ọ pé wọ́n ti sin ọmọ mi sọ́hùn-ún, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń dúró dè ọ́ kó o sọ pé ká máa lọ."