Èyí Tí Kò Mira

Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, Ọ̀mọ̀wé náà ni ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa pè é nílé. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí àwọn eṣinṣin kéékèèké tí ń bà lé èso pípọ́n: ohun tí wọ́n ń jẹ tí oorun fi ń kùn wọ́n, àti ohun tí wọ́n ń jẹ tí ojú wọn fi ń dá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà nínú ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, oúnjẹ ní ìpẹ̀kun kan, òwú ní ìkejì, iná tín-ín-rín kan sì gba àárín kọjá. Eṣinṣin tí kò bá gba inú iná náà kọjá fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀rọ á kà á sí pé ó ti sùn. Àwọn tí Ọ̀mọ̀wé ń fún ní oúnjẹ oníṣúgà kì í kọjá níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Ìyẹn ti tó fún un láti máa pariwo kiri pé ṣúgà ní ń gbé eṣinṣin sùn.

Olùwádìí kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń lo awò ojú. Ọ̀mọ̀wé ló sọ ọ́ ní Olójú-Mẹ́rin.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fi kámẹ́rà wò wọ́n,” ó ní. “Ìdí oúnjẹ ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń lá ṣúgà. Wọn ò sùn.”

“Èyí tí kò bá mira, ó ti sùn. O lójú mẹ́rin, o ò sì ríran!”

Ó yọ ṣùtì sí i lójú gbogbo èèyàn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni eṣinṣin Olójú-Mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Á dé láàárọ̀ Mọ́ńdè, á bá wọn nílẹ̀ àpótí tí ẹ̀rọ ti ń ṣètò ooru fún wọn, ẹsẹ̀ lókè. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ wú, nítorí iṣẹ́ yìí ló fi ń bọ́ ìyá rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ní aláìbìkítà ni, kí wọ́n lé e, kí wọ́n sì fi òun ṣe olórí ẹ̀ka. Ọ̀gá àgbà fi ìpàdé sí ọjọ́ Túsìdeè.

Ọ̀mọ̀wé kò ka ìyàwó tirẹ̀ náà sí ju eṣinṣin lọ. Ó ní ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù. Lọ́sàn-án Sátidé, tí wọ́n bá jẹun tán, òun fúnra rẹ̀ ní ń po tíì fún un, ṣúgà á sì pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró.

“Mu ún tán,” á wí, á lọ fọwọ́.

Bó bá fi máa padà, kọ́ọ̀bù ti gbẹ, obìnrin náà ti nà sórí àga gígùn. Á wo aago. Tí ìṣẹ́jú márùn-ún bá pé, á fi ẹ̀gàn rẹ́rìn-ín, á pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù.

Èèrà nìkan ló ń bí i nínú ní pálọ̀ náà. Wọ́n ṣù bo ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, òdòdó náà sì ti ń rọ.

“Ọ̀bùn! Ṣé ilé rẹ nìkan ni èèrà mọ̀ láyé ni?”

“Ẹ má bínú, Ọ̀mọ̀wé. Màá gbá a.”

Ní Sátidé tó ṣáájú ìpàdé, ó gbé ẹsẹ̀ sórí tábìlì, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

“Èmi ni mo máa ń yí ooru àpótí eṣinṣin Olójú-Mẹ́rin sókè nírọ̀lẹ́ Fúráìdeè. Ṣe ni wọ́n ń jinná bí ẹ̀wà! Bó bá di Túsìdeè, ó ti lọ.”

“Rọra o,” ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní. “Ògiri létí.”

“Ìyàwó mi nìkan ló wà níbí, ó sì ti sùn wọra. Òun àti ògiri, ọgbọọgba ni wọ́n.”

Ó bú u díẹ̀ sí i kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀. Obìnrin náà kò mira.

Nígbà tí Túsìdeè pé, Olójú-Mẹ́rin ti di ẹrù rẹ̀ wá sípàdé. Ọ̀mọ̀wé dìde, ó sọ̀rọ̀ gígùn nípa àìbìkítà, ó sì fi ọwọ́ tún kọ́là rẹ̀ ṣe kó tó jókòó. Ọ̀gá àgbà mi orí.

“Ẹnì kan ṣì wà níta tó ní òun ní ọ̀rọ̀ láti sọ,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kó wọlé.”

Ìyàwó Ọ̀mọ̀wé wọlé, ó gbé ìkòkò òdòdó tó ti kú kalẹ̀ sórí tábìlì pẹ̀lú gbogbo èèrà ìdí rẹ̀, ó kí gbogbo ilé, ó ní, “Ọ̀mọ̀wé, ẹ sọ ti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè fún wọn, òdòdó yìí ló ń mu tíì yín látọjọ́ yìí, èmi ò sùn lọ́jọ́ kan.”