Mara Inú Ife

Iṣẹ́ obìnrin kan ni kó fọ ìgò, kó sì sè é títí kòkòrò àìfojúrí kankan kò fi ní kù nínú rẹ̀. Inú àwọn ìgò náà ni ọ̀gá rẹ̀ ti ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì ewé oògùn.

“Afọgò,” ni ọ̀gá máa ń wí, “bó o bá dé ọ̀run, wàá kọ́kọ́ nu ẹnubodè kó o tó wọlé.”

“Ẹ jẹ́ n débẹ̀ ná, sà.”

Irú ewé yẹn kan náà wà nínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Omi rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń mu sí àìsàn ẹ̀dọ̀, dókítà sì ní kó má dáwọ́ dúró. Ó korò bí iwọ. Bí ìyá bá ti gbé ife dé ẹnu, ojú rẹ̀ a fún pọ̀.

“Mara rè é o,” a wí, a sì gbé e mì.

Iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò náà dúdú, ó ń rùn. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, afọgò, ọmọ rẹ̀, fa ewé náà tu, ó fi omi apakòkòrò ṣan gbòǹgbò rẹ̀, ó sì gbé iyẹ̀pẹ̀ ka iná.

“Ìwọ ọmọ yìí, iyẹ̀pẹ̀ lo tún ń sè? Kí la máa fi jẹ ẹ́?”

“Màmá, ẹ jẹ́ n ṣe é. Kòkòrò kankan ò ní bá yín pín ife yẹn mọ́.”

Ó tún ewé náà gbìn. Ewé rú, ó ń dán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mu ife tán, ojú rẹ̀ kò fún pọ̀.

“Olúwa ti sọ igi sínú Mara mi,” ni ó wí. “Omi ti dùn.”

Ó jẹ́rìí nínú ìjọ. Ọmọ pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Nígbà tí ojú ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ọmọ sọ ife kan di méjì. Ìyá ń mu ún tẹ̀ríntẹ̀rín. Kí òjò ọdún náà tó dá, wọ́n sin ín.

Nígbà tí ọmọ padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá gbé ìgò méjì kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Wò ó. Èyí mọ́ gaara bó o ṣe sè é. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń dán, kò sí oògùn nínú rẹ̀. Èyí kejì, mo da kòkòrò rere tó ń gbé nídìí ewé yẹn sí i, oògùn sì kún un. Àwọn ló ń ti ewé kó tó lè ṣe oògùn náà.”

Ó wo ìgò tó mọ́ náà pẹ́.

“Sà, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bí oògùn ò bá sí nínú ewé?”

“Tọ́ ọ wò,” ni ọ̀gá wí. “Oògùn yẹn gan-an ló ń korò.”