Àgbọ̀nrín Gbé Iná Sáré

Àlọ́ mi sáré, sáré, ó já sórí òkè, lóru ọjọ́ tí òtútù fẹ́ pa àwọn ọmọ Ìnàkí.

Iná wà ní ìpẹ̀kun òkè náà lọ́hùn-ún. Àwọn ẹranko ní kí Àgbọ̀nrín fi àpáàdì gbé ògúnná, kó sáré gbé e fún Ehoro, kí Ehoro gbé e fún Ọ̀yà, kí Ọ̀yà gbé e délé. Ehoro àti Ọ̀yà di èédú dání tí wọn yóò fi kún un kó má baà kú.

Bí Àgbọ̀nrín ti ń sáré ló ń rò ó: "Ẹni tó bá gbé e délé ni wọn yóò kì. Èmi á wá máa sáré fún Ọ̀yà?"

Ehoro gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fò dìde, ó ń kọrin:

Àgbọ̀nrín, gbé iná fún mi.
Ègbè: Òkè jìn, òru tutù.
Èédú mi ń dúró dè ọ́.
Ègbè: Òkè jìn, òru tutù.

Fìrí, Àgbọ̀nrín ti kọjá. Ọ̀yà náà kọrin títí. Àgbọ̀nrín ò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Ó délé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ kì mí o! Èmi nìkan ni mo gbé e dé!"

Ìyá Ìnàkí wo inú àpáàdì: eérú lásán. Ó ní, "Àgbọ̀nrín, iná là ń retí, ẹsẹ̀ lo gbé wá."

Àlọ́ mi rèé, mo gbé e lé yín lọ́wọ́. Ẹ gbé e fún ẹlòmíràn kó tó kú.