Haralampi Tó Yà Kúrò Lẹ́nu Ọ̀nà Àpérò

"Lampi, má jẹ́ kó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà nìkan ni wàá máa bá gbé." Ọ̀rọ̀ tí Zdravka sọ gbẹ̀yìn fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn, kó tó kọjú sí ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Haralampi ní òun ti gbọ́. Kò gbọ́.

Àlébù kan ló bá ọkùnrin yìí jà: kò gbà pé ẹnikẹ́ni lè kọ́ òun níṣẹ́ òun. Òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé oògùn kéékèèké ní ìlú Plovdiv fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ oògùn àwọn arúgbó. Ó ti pẹ́ tí ètò náà ti ń ṣiṣẹ́ láìyẹsẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń kàwé fún ìdánwò ìwé-ẹ̀rí, tàbí tí wọ́n wọ rélùwéè lọ sí àpérò àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Sofia, olú ìlú wọn, ẹ̀rín ló máa ń fi wọ́n rín.

"Dobrina, ìwé-ẹ̀rí tó o gbé kọ́ ògiri yẹn, ṣé ó ti bá ọ kọ ìlà ètò kan rí?"

Dobrina ni ọ̀gá ẹ̀ka wọn, ṣùgbọ́n ó kéré sí i lọ́jọ́ orí. "Kò bá mi kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mi ò mọ̀ ló ń fi hàn mí."

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

"Àkísà yín ti wá pọ̀ jù, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ra aṣọ tuntun!"

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Haralampi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ikú Zdravka, ọ̀rọ̀ náà burú sí i. Wọ́n á pè é wá mu kọfí, á ní ọwọ́ òun dí. Ó ń dá jẹun lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí wọn. Àánú rẹ̀ ṣe Dobrina. Nígbà tí àpérò ọdún náà kù sí dẹ̀dẹ̀, ó fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó sì bá a forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ààbò kọ̀ǹpútà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ. Bí ẹ ò tiẹ̀ kọ́ nǹkan kan, ẹ ó rí èèyàn bá sọ̀rọ̀."

Ó lọ. Ó gba káàdì orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi í kọ́rùn. Ó wo inú gbọ̀ngàn láti ẹnu ọ̀nà, ó dà bíi pé gbogbo èèyàn ló ní ẹni tó ń dì mọ́. Ọkùnrin kan nídìí kọfí sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa bọ̀ níbí. Àyè wà."

"Mò ń bọ̀," ni Haralampi wí. Ó yí padà, ó gba ibùdó rélùwéè lọ. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò pé, kò jáde nílé. Ó ní orí òun ni ìwé-ẹ̀rí òun.

Ọ̀sán ọjọ́ àpérò yẹn gan-an, nídìí kọfí yẹn, àwọn tó ṣe irinṣẹ́ kan tí Haralampi fi kọ ètò rẹ̀ ń sọ fún àwọn èèyàn pé àwọn ti rí ihò kan nínú rẹ̀ tí olè orí kọ̀ǹpútà lè gbà wọlé. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Wọn kò tíì kọ ọ́ síta, kí olè má baà kà á. "Ẹ lọ ti apá yìí pa títí a ó fi tún un ṣe." Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló lọ tì í pa. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, olè gba ihò náà wọlé. Wọ́n ti gbogbo àkọsílẹ̀ pa, àwọn ilé oògùn kò sì rí i kà mọ́.

"Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?" ni Dobrina béèrè.

"Ó wà."

"Níbo?"

 Orí ẹ̀rọ kan náà tí àkọsílẹ̀ wà ni Haralampi fi í sí, olè sì ti ba òun náà jẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò yẹn ni pé ẹ̀dà kì í bá ojúlówó gbélé.

Àwọn arúgbó tò síwájú ilé oògùn nínú òtútù pẹ̀lú páálí oògùn òfìfo lọ́wọ́. "Èyí tó funfun ni mo ń lò, ọmọ mi," ni ìyá kan ń wí fún ẹni tó ń ta oògùn. "Ṣé ẹ ò mọ̀ mí mọ́ ni?" Ní ọ́fíìsì, Haralampi mú fóònù, ó ń wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́. Kò sí orúkọ ẹlẹgbẹ́ kan níbẹ̀ àfi ti Dobrina, Dobrina sì dúró tì í, ó ń sunkún.

Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ibi tó bá wáṣẹ́ dé, ìbéèrè kan náà ni: "Ìwé-ẹ̀rí yín dà? Ta ló mọ̀ yín lẹ́nu iṣẹ́?" Á gbé báàgì rẹ̀, á máa lọ sílé.

Ọjọ́ Haralampi Mímọ́ dé, ọjọ́ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n fi ń bá gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ náà ṣàjọyọ̀. Ní ìlú wọn, a kì í ránṣẹ́ peni sí ọjọ́ orúkọ. Ẹni tó bá rántí ni í wá. Ó gbé búrẹ́dì àti oyin sórí tábìlì, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ ń gòkè, ẹsẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò sí èyí tó dúró. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ gbọ́. Ìwé-ẹ̀rí kò lè sọ òpè di ọ̀mọ̀ràn, ṣùgbọ́n kíkà á ń fi ibi tí ojú ẹni kò tó hàn. Ọ̀rọ̀ tó lè gba ilé là lè má wà nínú ìwé. Ó lè wà lẹ́nu ẹni tó sún fún yín nídìí kọfí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ní ti Haralampi, kò tíì padà forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Kò tíì bẹ Dobrina. Kò tíì kó bàtà Zdravka kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì pe ẹnikẹ́ni.