Tíì Tí Wọ́n Fi Pamọ́ De Suyun

Ọdún tí wọ́n bí Suyun ni bàbá rẹ̀, Duan Kairong, fi ooru omi gbígbóná mú ewé tíì rọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ ní ìṣù pẹlẹbẹ méje, ó fi bébà wé wọn, ó sì dì wọ́n sínú èèpo oparun. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e sórí àjà. Ní abúlé wọn lórí òkè Yunnan, tíì ọmọbìnrin kì í bàjẹ́, ńṣe ló ń bá ọmọ dàgbà. Tuntun rẹ̀ máa ń korò lẹ́nu, àmọ́ tó bá pẹ́ nílẹ̀, á dúdú, á sì máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́nà ọ̀fun. Ọjọ́ tí ọmọ bá ń lọ sílé ọkọ ni wọ́n ń tú u.

Kairong kì í ṣe olè. Nígbà tí Suyun pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó gun orí àjà lọ wò ó bóyá òjò ò kan tíì náà, ó sì bu díẹ̀ tọ́ wò. Ó dùn mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, gbogbo òjò tó bá rọ̀ ló ń gùn lọ wò ó. Ó máa ń gbọ́ ìtasánsán ata díẹ̀ nínú rẹ̀, á sì mi orí bí ẹni tó mọ̀. Lójú tirẹ̀, bí tíì ṣe ń gbó nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àfi pé kí ẹnikẹ́ni má yan ata tàbí ẹja nítòsí yàrá Suyun, ó ní òórùn á wọ aṣọ ọmọ òun. Orí àjà ló ń sá ata tirẹ̀ sí.

Nígbà tí Suyun mú Mingde, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, wálé, ìṣù keje ti tán. Kairong ra tíì tuntun lọ́jà, ó fi bébà àtijọ́ wé e, ó sì dì í padà sáyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà Mingde, Qiao arúgbó, ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣòwò tíì. Nítorí tíì èké, ó ti dìde níbi ìgbéyàwó kan rí, ìgbéyàwó náà sì fọ́ síbẹ̀. Ẹ̀rù ba Kairong débi pé kò rí oúnjẹ jẹ.

“Ìyá Suyun,” ló wí láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, “ṣé a ò lè fi ọtí ṣe é? Ayé ti lajú.”

“Ọtí? Fún bàbá tó ń fi tíì fọnu? Àbí ara yín ò yá ni?”

“Ara mi yá.”

“Ó dáa. Ẹ jókòó ti àwọn àna yín ní àgbàlá. Èmi ni mà á lọ gbé e wá. Orúnkún yín ti gun àkàbà yẹn tó.”

Ó gbé e wá. Ó da omi àkọ́kọ́ nù bí wọ́n ṣe ń ṣe, ó sì bu ìkejì fún Qiao arúgbó. Arúgbó náà gbóòórùn rẹ̀, ó mu, ó gbé ife kalẹ̀. Kairong ń wo bàtà ara rẹ̀.

“Ọmọ mi,” Qiao bi Suyun, “ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?”

“Mẹ́rìnlélógún, bàbá àgbà.”

“Ọjọ́ orí kan náà ni ìwọ àti tíì yìí. Ẹ tún bù fún mi.”

Ọkàn Kairong balẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ọjọ́ ogbó ti pa ahọ́n bàbá yìí. Àánú rẹ̀ ṣe é débi pé òun fúnra rẹ̀ ló bu ife kejì fún un. Lẹ́yìn náà ló yọ́ lọ sórí àjà láti lọ kó èèpo oparun dànù, kí ẹnì kankan má baà rí i. Ó bá ẹrù tíì tí ó dì níbẹ̀ lábẹ́ ata, odindi, pẹ̀lú kókó tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ta.

“Bàbá Suyun,” ìyàwó rẹ̀ pè é láti ìsàlẹ̀, “ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá tọ́ tíì ọmọ yín wò, èyí tí mo fi tíì ọjà pààrọ̀ lórí àjà, tí mo sì gbé sábẹ́ ibùsùn rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń rákò. Kò ní ata nínú.”