Ẹnu Omi Belkhir

Ihò kan ṣoṣo ló ń gbé omi gba abẹ́ iyanrìn wá sí ìlú Tamẹzlit láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó ń tú jáde níwájú òkúta tí wọ́n gbẹ́ ẹnu sí lára, ẹnu kan fún ọgbà ìdílé kan. Ihò náà a máa wó pa àwọn tó ń tún un ṣe. Òfin ìlú sì ni pé ẹni tó bá há sínú rẹ̀, omi ìdílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá títí wọn yóò fi rí egungun rẹ̀.

Ó di ogójì ọdún tí omi Belkhir ti ń ṣàn bẹ́ẹ̀, nítorí wọn kò tíì rí egungun rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ihò wó, Yamna ìyàwó rẹ̀ ló wá sọ fún ìlú pé iṣẹ́ kan ọkọ òun, ó sì ti wọ ihò kí ilẹ̀ tó mọ́. Yamna fi aṣọ so apá òsì rẹ̀ tó ṣẹ́ kọ́ ọrùn lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń sọ pé àwọn ń gbọ́ ọkọ́ Belkhir lábẹ́ ilẹ̀ láfẹ̀mọ́jú. Yamna náà ń gbọ́ ọ, ìyẹn gan-an ló sì ń bà á lẹ́rù. Ó ń bomi rin ọgbà rẹ̀, pàápàá igi dàbínù kan lẹ́bàá ògiri, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ro ìdí igi náà.

Nígbà tí omi ìlú ń gbẹ lọ, àwọn ọ̀dọ́ wọ ihò láti kó iyanrìn rẹ̀. Egungun èèyàn kan ni wọ́n gbé jáde. Kaddur, àgbàlagbà tó ń pín omi, ránṣẹ́ pe Yamna.

Yamna dúró lókèèrè. “Kì í ṣe ọkọ mi.”

“O ò tíì ṣí aṣọ lójú ẹ̀.”

“Baba, mo ní kì í ṣe òun.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ kúkú sọ pé omi lẹ fẹ́. Òkú wo ló tún fẹ́ bá Belkhir du ipò?”

Kò sí ọmọ ìlú mìíràn tó sọnù lọ́dún tí ihò wó. Òótọ́ ni Yamna sọ, kò sì sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Wọ́n sin egungun náà lórúkọ Belkhir. Kaddur po amọ̀, ó fi dí ẹnu omi Belkhir lára òkúta.

“Ọgbà tí omi ẹ̀ bá ti dá, ìlú ló ni ín,” ó ní. “Lọ́la la máa ro ó, títí dé ìdí ògiri.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìdí ògiri sílẹ̀ fún mi.”

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Igi dàbínù ni.”

“A máa hú u, Yamna. Igi tí ò rómi mu, kí la fẹ́ fi ṣe?”

Yamna padà sílé, ó jókòó sídìí igi dàbínù náà, níbi tí òun fúnra rẹ̀ sin Belkhir sí lóru ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí ihò wó, ó sì rọra bi í pé, “Ta lo ti bẹ̀ pé kó wọ ihò yẹn dípò rẹ?”