Jíìpù Pupa tí Warwick Fi Fa Ilé Bàbá Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á títí dé ìlà tó kẹ́yìn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ń palẹ̀ ẹrù mọ́ fún ìrìn àjò. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Ọdún Àjíǹde, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́nu awakọ̀ tó wọ́ àfọ́kù ọkọ̀ inú ìtàn yìí jáde nínú kòtò.

1.

Warwick Treloar ń gbé ní Moorinya, ìlú àwọn ọlọ́kà nínú ilẹ̀ Queensland, níbi tó jìnnà sí omi. Bàbá ìyàwó rẹ̀, Bàbá Clarrie, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ta ilé tó ń gbé, ó sì fi gbogbo owó rẹ̀ ra káráfáànì, ilé orí táyà tí ọkọ̀ ń fà lẹ́yìn.

"Etí òkun Yeppoon ni wọ́n bí mi sí," ni bàbá wí. "Ẹ gbé mi débẹ̀ kí n tó kú. Mi ò tọrọ nǹkan mìíràn."

Káráfáànì náà tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣíbí kan sínú rẹ̀. Desmond, ẹ̀gbọ́n ìyàwó Warwick, tó ti fi ọkọ̀ akẹ́rù kó ọkà fún ọgbọ̀n ọdún, wá bá a nínú ọgbà.

"Fi ọkọ̀ akẹ́rù mi fà á. Ó wúwo, ó ní egungun. Mi ò gba kọ́bọ̀."

Warwick wo ọkọ̀ náà bí ẹni rí eku nínú ọbẹ̀. "Èyí tó ti dípẹtà, tó ń rùn bí àgùntàn? Ṣé kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ibùdó tá a bá sùn sí ni? Ẹ̀gbọ́n, jíìpù mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó lè fa tọ́ọ̀nù mẹ́ta àbọ̀."

"Nígbà tó bá ṣófo nìyẹn! O ti so irin ńlá tí kangaroo á forí gbá mọ́ ọn níwájú. O gbé bátìrì kejì sí i, o gbé fíríìjì, o di àgọ́ lé e lórí. Ẹ̀yin mẹ́rin á tún wọ inú ẹ̀. Agbára wo ló kù tó fẹ́ fi fa ilé? Gbé méjèèjì lọ sórí ìwọ̀n níbi tí wọ́n ń kó ọkà sí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

"Ìlara ló ń dà yín láàmú. Ẹ lọ ha ìpẹtà ọkọ̀ yín."

"Ọ̀dẹ̀ ni ẹ́! Bàbá mi lo fẹ́ gbé, kì í ṣe àpò ọkà!"

Noelene, ìyàwó rẹ̀, dá sí i. "Warwick, jọ̀ọ́. Ìwọ̀n lásán ni."

"Ìwọ náà? Ta lọkọ ẹ nínú àwa méjèèjì?"

Ó kọ etí ikún sí gbogbo wọn.

2.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó so káráfáànì mọ́ jíìpù. Ìdí jíìpù wọlẹ̀, imú rẹ̀ yọ sókè. Àwọn aládùúgbò dúró létí ọgbà pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.

"Warwick!" ni ọ̀kan nínú wọn ké. "Iná ọkọ̀ ẹ ń wá ìràwọ̀ ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Bí ọkọ̀ bá kúnlẹ̀, ẹrù ló pọ̀ jù. Ọlọ́gbọ́n á sọ ẹrù kalẹ̀. Warwick kò sọ nǹkan kan kalẹ̀. Ó gbé jẹnẹrétọ̀, àpótí irinṣẹ́ àti kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin kúrò níwájú káráfáànì, ó kó gbogbo rẹ̀ sí ìdí pátápátá. Ìwúwo fi iwájú káráfáànì tó ń tẹ jíìpù mọ́lẹ̀ sílẹ̀, jíìpù sì dìde, ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Ẹ wò ó! Ó dúró bí ṣójà!"

Bàbá Clarrie, tó ti fi ẹṣin fa kẹ̀kẹ́ ẹrù nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, mi orí. "Ọmọ mi, bí ìrù bá wúwo ju orí lọ, ìrù ni yóò máa darí ẹran."

"Bàbá, ẹ wọ ọkọ̀."

3.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan. Tírélà gígùn kan ré kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ gbá wọn. Ìdí káráfáànì fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó tún fì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tahlia, ọmọ wọn obìnrin, bẹ̀rẹ̀ sí ké.

"Warwick, kí ló ń tì wá?" ni Noelene ké.

"Ọkọ̀ ò gbọ́ tèmi mọ́!"

Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Jíìpù fẹ́ dúró. Ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò dúró. Ó ti ìdí jíìpù yí ká, ó dojú dé, ó sì gbé jíìpù dání wọ inú kòtò. Àwo, aṣọ àti àwòrán olóògbé ìyàwó Bàbá Clarrie fọ́n ká sínú koríko.

Nígbà tí wọ́n ń gbé bàbá sínú ọkọ̀ aláìsàn, ó di ọwọ́ Noelene mú. "Ṣé ó kù díẹ̀ ká débẹ̀?"

"Ó ku wákàtí kan, Bàbá."

Desmond dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ tó dípẹtà, ó ń ṣa ẹrù bàbá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Warwick sún mọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́..."

"Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́ láé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo bẹ̀ ẹ́."

Ìwọ tó ń ka èyí, má jẹ́ kí àwọ̀ ọkọ̀ tàn ẹ́. Kó gbogbo ẹrù àti gbogbo èèyàn sínú rẹ̀, kí o gbé e lọ sórí ìwọ̀n, kí o tó ṣílẹ̀kùn ọgbà. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ń bú ẹ, gba èébú náà kí o sì ṣe ohun tó wí. Àwọn àgbà ní: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ohun tó ṣòfò nìyí: káráfáànì kan, jíìpù pupa kan, egungun ìbàdí bàbá arúgbó kan, àna kan. Bàbá Clarrie kú lóṣù Kẹjọ ọdún náà, lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Kò rí òkun.